Ìyá Mi Ra Ọkọ Tuntun

Bí ẹ bá gbọ́ pé olùkọ́ ìṣirò kan máa ń fi ìkúùkù gbá pákó gbàgbàgbà láàárọ̀, èmi ni. Pákó lásán ni wọ́n fi pín yàrá ńlá kan sí méjì ní ilé-ìwé wa. Èmi wà lápá kan pẹ̀lú ìṣirò mi, Àǹtí Tú-u-wò sì wà lápá kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin rẹ̀. Kí n tó kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sójú pátákó, àwọn tọ̀hún á ti bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, kí ló dé?" "Àǹtí, èmi ò gbà." "Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi." Ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ń sọ fún olùkọ́ pé òun ò gbà! Màá gbá pákó, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún máa bá a lọ.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn láìdáa níwájú mi, èmi àti onítọ̀hún la ó jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Obìnrin náà kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó lọ kàwé di olùkọ́, títí di òní, abẹ́rẹ́ kì í wọ́n lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Jórinjórin ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í yé ṣàwàdà. Ó máa ń sọ pé nígbà tí ìyàwó òun ń ránṣọ, iṣẹ́ kan náà ni àwọn ń ṣe, òun ń so irin pọ̀, ìyàwó ń so aṣọ pọ̀. Ó ní ọmọ ló wá ń so pọ̀ báyìí, ìyẹn ló le jù, nítorí ọmọ kì í dúró sójú kan kéèyàn rí i so.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé-ìwé wa, kò tí ì ní orúkọ ìnagijẹ kankan. Kíláàsì rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà yẹn, inú mi sì dùn sí i gan-an. Tó bá béèrè ìbéèrè, àwọn ọmọ mélòó kan tí ọpọlọ wọn yá ló máa ń dáhùn lójoojúmọ́, àwọn yòókù á wo tábìlì wọn bíi pé tábìlì ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó yá yìí ni gbogbo wa ń pè ní Aláwàdà. Ọmọ náà lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo tú kíláàsì ká, kò sì sí olùkọ́ tí kò tíì rẹ́rìn-ín fún un rí.

Sáà kejì ni ọmọbìnrin kan dé. Onídìrí ni ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ tuntun ni, ó sì kó ọmọ rẹ̀ wá sílé ọkọ náà, lójúlé tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé wa gan-an. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àwọn ọmọ pàápàá ti mọ̀ ká tó mọ̀. Olùkọ́ wọn nìkan ni kò mọ̀, nítorí ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá.

Ọjọ́ kan, aago ti fẹ́ lù fún ìpadàsílé. Olùkọ́ yìí ń kánjú kọ gbólóhùn mélòó kan sójú pátákó kí àwọn ọmọ lè kà á kí wọ́n tó lọ. Èyí tó kẹ́yìn, ọmọ tuntun yìí ló ní kó kà á. Ọmọ náà dìde, ó wo pátákó dáadáa, ó sì kà á ketekete:

"Ìyá mi ra ọkọ tuntun."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ni wọ́n ń retí, ọkọ̀ ìrìnnà, ọmọ wá ní ọkọ, èyí tí wọ́n ń fẹ́ nílé. Aláwàdà ò sì jẹ́ kó tutù. "Ṣé ó ní táyà?" ló béèrè. Ẹ̀rín tún bú jáde ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ tèmi ń rẹ́rìn-ín gba inú pákó lórí ohun tí wọn ò tiẹ̀ rí. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí i. Ó jókòó, aago lù, gbogbo wọn sì tú jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tí ì sí ọmọ kankan nílé-ìwé nígbà tí mo gbọ́ tí olùkọ́ náà ń pè mí láti òdìkejì pákó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ka nǹkan."

Mo lọ. Ẹni tó yẹ kó nu pátákó ti sá lọ sílé lánàá láìnù ún. Olùkọ́ náà dúró síwájú rẹ̀, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Ẹ bá mi ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn."

"Ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun," ni mo kà. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà."

"Àbúrò, ṣé ojú mi lo fẹ́ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí ni?" Mo sún mọ́ pátákó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé: dò ni ohùn tó lọ sísàlẹ̀, mí ni èyí tó lọ sókè, re ni ti àárín, re kì í sì í gba àmì. Ọkọ̀ tá à ń wọ̀, re ló fi bẹ̀rẹ̀, dò ló fi parí. Mo wo lẹ́tà tó kẹ́yìn. Orí rẹ̀ ṣófo. Kò sí àmì dò níbẹ̀, kò tiẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n ti nù ún kúrò. Re, re.

"Ọkọ," ni mo wí. "Ọkọ lo kọ, lóòótọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa yòókù, ohun tó wà lọ́kàn wa là ń kà. Òun nìkan ló ka ohun tó wà lójú pátákó. La bá fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín."

Mo rí i pé kò mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Àbúrò, o ò gbọ́ pé ìyá ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ tuntun?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Orí mi o," ló ṣáà ń wí. "Orí mi o." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti gbàgbé.

Wọn ò gbàgbé. Nígbà ìsinmi ọjọ́ yẹn, Táyà ni wọ́n ń pe ọmọ náà ní pápá. Ìyẹn gan-an kọ́ ló wá dun olùkọ́ yìí jù. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́. Ó ń kọ̀wé, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Tó o bá pè é, á dìde. Tó o bá béèrè nǹkan, á mi orí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ padé, pátápátá.

Olùkọ́ náà kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Ó dúró níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ẹ gbọ́. Ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ́jọ́sí ni ọmọ yìí kà. Ó kà á dáadáa. Èmi ni mo gbàgbé àmì, èmi náà sì tún bá yín rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Mo pòṣé débi pé àwọn ọmọ tèmi gbójú sókè. Nígbà ìsinmi, mo pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn? Olùkọ́ tó bá ń bẹ ọmọ, lọ́la ni wọ́n máa rán an níṣẹ́."

"Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n rán mi, màá lọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bá tèmi lọ.

Àforíjì náà dáa, ṣùgbọ́n kò la ọmọ lẹ́nu. Olùkọ́ yìí tún dá ọgbọ́n mìíràn. Ó bi àwọn ọmọ pé tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, kí ni wọ́n máa ń wí fún un. "Pẹ̀lẹ́!" ni gbogbo wọn dáhùn. Ó ní kò burú, láti òní lọ, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀ ní kíláàsì, pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa kí i, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbà fún un lọ́kàn mi pé ìyẹn mọ́gbọ́n dání.

Ọjọ́ méjì péré ni ọgbọ́n náà lò. Àwọn ọmọ aráyé! Ọmọ kan ò ní tí ì ṣi nǹkan kà tán tí wọ́n á ti fa ohùn gùn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Pẹ̀ẹ̀ẹ̀-lẹ́ẹ́ẹ́ o!" Aláwàdà tiẹ̀ máa ń fi ọwọ́ gbá àyà bí ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kí bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀. Olùkọ́ náà fòfin dè é fúnra rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo rí i nígbà ìsinmi tó fẹ̀yìn ti ògiri tó di ojú.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́. Ọkùnrin gíga onígíláàsì ni, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín tí kò bá tí ì jẹun ọ̀sán. Ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, olùkọ́ yìí àti èmi tí mo wà lódìkejì pákó.

"Wọ́n ní ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tí ò lè kàwé."

"Ó lè kà á, sà. Kò kàn fẹ́ kà á sókè ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá ẹ̀ wá rí mi. Ó ní tí òun bá ń dirun, ẹ̀gbẹ́ òun ló máa ń jókòó sí, á máa ka gbogbo ohun tó bá rí sókè, títí kan èyí tí wọ́n kọ sára ìgò òróró irun."

"Inú mi dùn sí òróró irun," ni ọ̀gá wí. "Ní tèmi, mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́. Ní ìparí sáà yìí, mo ń bọ̀ wá yẹ kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wò fúnra mi. Ọmọ tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, kó padà sí kíláàsì kẹta."

Kíláàsì kẹta! Ọmọ tó ka ohun tí èmi àti olùkọ́ rẹ̀ ò rí kà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àbúrò mi fọwọ́ kàn mí pé kí n dákẹ́. Nígbà tá a jáde ló sọ ìyókù ohun tí ìyá ọmọ náà sọ fún un. Ìyá náà ní ìwé kíkà kọ́ ni ìṣòro òun. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìbéèrè ọmọ òun kì í tán, òun á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí etí òun sinmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá síbí, kò bi òun ní nǹkan kan mọ́. Á ka ara ìgò, á dákẹ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ gba ẹ̀wù mi nílé olùkọ́ yìí. Ó ṣì máa ń ránṣọ fún àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yàrá méjì ni òun àti jórinjórin rẹ̀ ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Mo jókòó, mo wo ẹ̀wù mi lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sì figbe ta.

"Àbúrò! Apá òsì lo rán sí ọ̀tún yẹn!"

Ó gbé e sókè. Lóòótọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní tí mo bá lè máa fẹ̀yìn rìn, ẹ̀wù náà á bá mi mu. Olùkọ́ yìí ò bá wa rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó mú abẹ ìtúṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà tí òwú gbà.

"Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́," ló wí, "ọ̀gá mi kì í bú wa tá a bá rán nǹkan ségesège. Á kàn ní, tú u wò. Wàá tú u, wàá sì sọ fún un bó o ṣe débẹ̀. Ibi tó o ti rò pé iwájú ni ẹ̀yìn, wàá rí i fúnra rẹ. Àwa yòókù á pé lé e, nítorí gbogbo wa la lè ṣe irú àṣìṣe yẹn lọ́la." Abẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i."

"Kí lo rí? Apá ẹ̀wù mi?"

"Kíláàsì mi."

"Kí n ṣáà rí ẹ̀wù mi wọ," ni mo wí. Ẹ̀wù náà ò jáde lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ tá a wọlé padà ni ariwo tí mo ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́. Ó kọ gbólóhùn kan tó ní àṣìṣe sójú pátákó, ó ní kí wọ́n wá a. Nígbà tí wọ́n rí i, tí wọ́n ń dunnú, ó ní kò tíì tán. "Mo ti ṣì í, ó dáa. Báwo ni mo ṣe débẹ̀? Ẹ tú u wò." Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn ò rò ó rí pé àṣìṣe ní ọ̀nà tó gbà wá. Ó dúró, kò bá wọn sọ ọ́. Ẹ wo bó ṣe lè dúró! Èmi tí mò ń gbọ́ láti òdìkejì, ó ń ṣe mí bíi kí n gba inú pákó dáhùn fún wọn.

Lẹ́yìn náà ló kan tiwọn. Ọmọ kan yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú méjìlélógójì, ó ní márùndínlógójì ló kù. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ti pariwo. "Tú u wò," ni olùkọ́ wí. Ọmọ náà ronú, ó ní òun rí i pé méjì ò lè gba méje, òun bá yí i padà, òun yọ méjì kúrò nínú méje. "Áà!" ni àwọn mélòó kan wí, nítorí bí àwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn láti kíláàsì kejì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Ó kàn mí lára, ìṣirò ni iṣẹ́ mi. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín àṣìṣe kan, kó kọ́kọ́ tú u wò. Kí onítọ̀hún sì tó tú u tán, ẹ̀rín á ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ, Àǹtí Tú-u-wò, èmi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀.

Àwọn tó ń wo tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn. Ọmọbìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó ń tẹ́tí, àmọ́ kò sọ̀rọ̀, òpin sáà sì ń sún mọ́lé. Mo bi olùkọ́ náà pé kí ló dé tí kò kúkú pè é kó dìde. Ó ní òun ti pè é lẹ́ẹ̀kan, òun sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kan ló kan Aláwàdà láti kàwé. Òun tí ahọ́n rẹ̀ kì í kọsẹ̀, ó dìde, ó sì kà á lọ bí òjò: "Bàbá mi gbádùn kó máa fọ́ àwo lẹ́yìn oúnjẹ."

Mo ti tẹ́tí mọ́ pákó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó wú fún ẹ̀rín. Bàbá tó ń fọ́ àwo! Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín.

"Tú u wò," ni Àǹtí wí.

Ó tún un kà, ó tún fọ́ àwo náà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú ti ń tì í, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, ọmọ tí ojú ò tì rí. Kò rí ibi tó ti ṣì. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ohùn tí mi ò mọ̀.

"O fi mí sí i. Re ni. Wọn ò fọ́ ọ. Wọ́n kàn ń fọ̀ ọ́ ni."

Ọmọ yẹn ni. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Táyà ló ń bá Aláwàdà kó àwo bàbá rẹ̀ jọ. Ara mi bù máṣọ. Mo retí kí olùkọ́ rẹ̀ figbe ayọ̀ ta, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n gbé e sókè. Ó kàn ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?" Aláwàdà ní òun gbọ́. "Ó dáa, tún un kà." Ó kà á, àwo ò fọ́ mọ́, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Nígbà tí aago ìsinmi lù ni àbúrò mi wá bá mi lápá tèmi, tó dì mọ́ mi, tí omijé rẹ̀ tú sí èjìká ẹ̀wù mi tó ti tún rán.

Ṣùgbọ́n kéèyàn ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kó dìde kàwé. Títí di ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, kò tíì kà.

Ọ̀gá dé láàárọ̀, kò tíì jẹun ọ̀sán. Mo fún àwọn ọmọ tèmi ní ìṣirò tó máa gbà wọ́n lákòókò, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹrin. Ọ̀gá ṣí ìwé kíkà sí ojú ewé tó wù ú, ó ní ọmọbìnrin yẹn ni kó kọ́kọ́ kà á. Ìtàn ìdílé kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ni. Ọmọ náà dìde, ó di ìwé mú. Kò sọ nǹkan kan.

Ó pẹ́. Ọ̀gá tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. "Ó dáa, jókòó," ló wí.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì ṣe tán," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kó dá ọ̀gá lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo àwọn ọmọ yòókù. Kò sẹ́ni tó mí kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, Aláwàdà ń wo ìwé tirẹ̀. Wọ́n ń dúró dè é ni.

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, ó là. Ó ka bí bàbá ṣe di ẹrù, bí ìyá ṣe ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe gbé ọmọ sórí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì ń wo ilé wọn títí tí kò fi rí i mọ́. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó dúró, ó padà, ó tún un ṣe, ó ń lọ. Ó kà á dé ìparí.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. Mo mọ ọ̀gá, ohùn ẹni tó ti ṣe tán láti gbà ni. "Kò ní padà sí kíláàsì kẹta. Jókòó, ọmọ mi."

Ọmọ náà ò jókòó.

"Sà, mo fẹ́ béèrè nǹkan."

Kò sọ́mọ tó ń bi ọ̀gá wa ní nǹkan. Ọ̀gá wo olùkọ́, ó wo èmi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Béèrè."

"Bàbá sọ pé ká lọ, ìyá ní ó dáa. Kí ló dé tí wọn ò bi ọmọ náà?"

Ọ̀gá ṣí ojú ewé náà padà, ó ń fi ìka wá a nínú ìlà. Kò sí níbẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀. Kí ni ìwọ rò?"

"Bóyá wọ́n rò pé tí kò bá ti sunkún, ó fẹ́ lọ náà nìyẹn."

Àwọn ọmọ nawọ́ sókè káàkiri. Èkíní ní wọ́n ń kánjú ni, èkejì ní òun ò gbà, pé ó yẹ kí ọmọ náà sọ fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta ní báwo ló ṣe máa sọ ọ́ nígbà tí wọn ò béèrè. Ọ̀gá fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó sí àárín wọn, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó gbàgbé láti yẹ kíkà àwọn yòókù wò. Àwọn ọmọ tèmi ti parí ìṣirò wọn, wọ́n ti ń jà, mi ò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà ìpadàsílé, ọmọ náà ṣì ń di àpò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu géètì, kóòmù ìdìrí wà nírun orí rẹ̀. Àǹtí Tú-u-wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Mi ò yọjú, mo kàn ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Ìbéèrè tó o bi ọ̀gá yẹn," ló wí, "ṣé o ti bi màmá ẹ rí?"

Ọmọ náà mi orí pé rárá.

"Ṣé kí n bá ẹ bi wọ́n?"

Ọmọ náà wo géètì. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó fa okùn rẹ̀ le.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Màá bi wọ́n fúnra mi."